FASD: ìbéèrè tí àwọn alágbàtọ́ àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà máa ń béèrè nípa ọmọ tí ọtí pa lára látinú oyún

Kí ni FASD gan-an?

FASD (fetal alcohol spectrum disorder) ni wọ́n ń pe àkójọ gbogbo ìpalára tí ọtí máa ń ṣe fún ọmọ nígbà tó ṣì wà nínú oyún. Kì í ṣe àìsàn kan tí àmì rẹ̀ rí bákan náà lára gbogbo ọmọ. Ọmọ kan lè kúrú, kí ojú rẹ̀ yàtọ̀, kí ọkàn tàbí kídìnrín rẹ̀ sì ní àléébù. Òmíràn á ga, á rẹwà, kò ní sí àmì kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ dunjú lánàá, kò ní rántí rẹ̀ lónìí. Irú ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló pọ̀ jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń nà jù.

Paul Lemoine, dókítà ọmọdé ní Nantes nílẹ̀ Faransé, ti kọ nípa ọmọ 127 tí òbí wọn jẹ́ ọ̀mùtí ní 1968, àmọ́ àwọn tó kọbi ara sí i kò pọ̀. Ní 1973 ni Kenneth Lyons Jones àti David Smith ní Seattle tó fún èyí tó le jù nínú rẹ̀ lórúkọ tí ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́: fetal alcohol syndrome.

Báwo ni ọtí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú ikùn?

Ọtí tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ìyá lè fọ́ ọtí náà dànù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì gbó tó ìyẹn. Ojú, imú àti ètè máa ń yọrí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé oyún ti dúró. Ọpọlọ ní tirẹ̀ kì í sinmi, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀ ló fi ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ fi lè dán gbinrin kí ọpọlọ rẹ̀ sì ti gbọgbẹ́.

Ìwọ̀n ọtí wo ni aláboyún lè mu tí kò ní pa ọmọ lára?

Kò sí. Láti oṣù kìíní ọdún 2016 ni àwọn ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba ní Britain ti ń sọ fún aláboyún pé kó má mu ún rárá. Ohun kan náà ni CDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni ohun tí kálukú kà sí ọtí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Igo stout ńlá, 60cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bíi gíráàmù 35 ọtí gidi nínú. Ní Amẹ́ríkà, gíráàmù 14 ni wọ́n ń kà sí ife kan, nítorí náà igo kan yẹn ti di ife méjì ààbọ̀. Ní Britain, gíráàmù 8 ni yúnìtì kan, igo yẹn sì ń lọ sí yúnìtì mẹ́rin ààbọ̀. Ọtí inú ọ̀rá, 30ml péré, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 42, ní bíi gíráàmù 10. Ìyá tó sọ pé “igo kan péré ni mo máa ń mu” kò parọ́. Òǹkà ló yàtọ̀.

Ẹmu tí wọ́n ní ó ń fa omi ọyàn, stout tí wọ́n ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀, agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì: ọtí ni gbogbo wọn. Egbò inú ìgò kò sọ ọtí di omi.

Bàbá tó ń mutí ńkọ́? Ọmú ńkọ́?

Ọtí tó gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kọjá nígbà oyún la ń sọ tí a bá dárúkọ FASD. Ọtí inú omi ọyàn kò dára fún ìkókó, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń fa èyí. Ti bàbá, àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ohun tí ọtí ń ṣe sí àtọ̀. Èyí tí kò nílò ìwádìí ni pé ilé tí ọkọ ti ń mutí lójoojúmọ́, ó ṣòro kí aya tó wà níbẹ̀ yẹra fún un.

Ṣé a lè fi ojú dá ọmọ tó ní i mọ̀?

Díẹ̀ nínú wọn nìkan. Àmì ojú tí àwọn dókítà ń wò jẹ́ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbọ́dọ̀ pé: ẹyinjú tó ṣí ní kúkúrú láti igun kan dé ìkejì, abẹ́ imú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní kòtò tó yẹ kó wà láàárín imú àti ètè, àti ètè òkè tó tín-ín-rín.

Ètè àwa aláwọ̀ dúdú nípọn ju ti òyìnbó lọ. Yunifásítì Washington ní Seattle ṣe ìwé àwòrán méjì tí wọ́n fi ń wọn ètè àti abẹ́ imú, ọ̀kan fún òyìnbó, ìkejì fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Tí wọ́n bá gbé ọmọ yín lọ fún àyẹ̀wò, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Ẹni tó bá fi ìwé ètè òyìnbó wọn ètè Àlàbá lè sọ pé kò sí àmì kankan lójú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀?

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ọ́ fún ọmọ ọdún méje. Ìgbẹ́ dúdú tí ìkókó kọ́kọ́ máa ń yà lè fi hàn pé ìyá mutí ní apá ìparí oyún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀nà yẹn ti dí.

Ìlànà Canada ti 2016, tí Scotland náà mú lò ní 2019, ní kí àwọn onímọ̀ jókòó pọ̀: dókítà ọmọdé, onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí, ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tó mọ̀ nípa lílo ọwọ́ àti ara. Wọ́n á yẹ apá mẹ́wàá wò lára iṣẹ́ ọpọlọ: ìrántí, àfiyèsí, èdè, ìṣirò àti ìwé kíkà, ìkóra-ẹni-níjàánu, bí ọmọ ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú mẹ́wàá gbọ́dọ̀ bàjẹ́ gidigidi. Bí àmì ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, wọ́n lè fún un lórúkọ kódà bí a kò bá mọ̀ bóyá ìyá mutí. Bí àmì ojú kò bá pé, àfi kí ẹ̀rí wà pé ọtí wọ inú oyún náà.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ ìwé tí wẹ́fíà kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Nítorí ìdáhùn tó gbẹ̀yìn lókè yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní àmì lójú, ẹ̀rí ọtí nìkan ló kù tí dókítà lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ọjọ́ tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, ìyá wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ṣì rántí. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọ ti gbé ilé mẹ́rin, ìyá ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, gbólóhùn kan ṣoṣo tó wà nínú fáìlì ni “ìyá ń lo oògùn olóró”. Kokéènì ni wọ́n kọ, wọn ò kọ ọtí, nítorí pé òfin ò ka ọtí léèwọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo oògùn olóró ló ń fi ọtí tì í.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ: irú ọtí wo, bí ìgò tàbí ife náà ṣe tóbi tó, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, oyún ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kó tó dáwọ́ dúró tàbí kó dín in kù, ta ló sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ó mutí díẹ̀” kò wúlò fún dókítà kankan. Bí ìyá bá ní òun ò mu ún rí, ẹ kọ ìyẹn náà. Àlàfo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ló burú jù.

Báwo la ṣe máa bi ìyá léèrè tí kò fi ní rò pé ẹ̀sùn la fẹ́ fi kan òun?

Ẹ má fi “Ṣé ẹ mutí nígbà tẹ́ ẹ lóyún?” bẹ̀rẹ̀. Rárá ni ìdáhùn rẹ̀ máa jẹ́, ilẹ̀kùn sì ti tì nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀: “Màmá Tóbi, kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé oyún ti wà, kí lẹ máa ń mu tẹ́ ẹ bá lọ sóde?” Lẹ́yìn náà: “Oyún ti tó ìgbà wo kẹ́ ẹ tó mọ̀?” Ẹ ti rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ kọ sílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bínú.

Ẹ dárúkọ nǹkan mímu náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó bá sọ pé òun kì í mutí lè máa mu ẹmu lójoojúmọ́, kó máa mu agbo onígò láràárọ̀, kò sì purọ́, torí pé lójú tirẹ̀, bíà àti gín-ín-nì ló ń jẹ́ ọtí. Tí ẹ bá ti débẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta inú AUDIT-C, ìwé ìbéèrè kúkúrú tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń mutí tó, wúlò: báwo lẹ ṣe ń mu ún léraléra sí, ife mélòó lọ́jọ́ kan, báwo ló ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ sí pé kó tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má béèrè níwájú ọkọ, ẹ má béèrè níwájú ìyá ọkọ. Tí ẹ bá ń gbọ́ ìdáhùn, ẹ má ṣe mí kanlẹ̀. Ojú tó rọ̀ ló ń mú ọ̀rọ̀ jáde.

Wọ́n ti sọ pé ADHD ló ń ṣe é. Kí la tún fẹ́ fi FASD ṣe?

ADHD, ìyẹn àìlèpọkànpọ̀ àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́, àti FASD lè wà lára ọmọ kan náà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 yẹ ọmọ 547 wò tí wọ́n gbà tọ́ tàbí gbà ṣọmọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ti gbé lọ síbi ìtọ́jú nítorí ìhùwàsí wọn. Àwọn 156 nínú wọn ló ní FASD. Nínú 156 yìí, 125 ni kò sí ẹni tó sọ rí pé ọtí wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ wọn, oògùn rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò.

Ìyàtọ̀ náà ń hàn nínú ilé. Ọmọ ADHD tó bá farabalẹ̀ á sọ ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe. Ọmọ FASD lè ti tẹ́tí, kó wo ojú yín, kó ní “Ẹ ṣeun mà”, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má wọlé. Ó sì máa ń ṣòro fún un láti kúrò nídìí nǹkan kan bọ́ sí òmíràn. Ẹkún ńlá máa ń wà níbẹ̀.

Ẹnu ọmọ yìí mú, ó mọ àgbà kí. Ṣé òótọ́ ni pé nǹkan ń ṣe é?

Ibi tó ń tan gbogbo ènìyàn jẹ nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà, lè má lóye owó àti àkókò ju ọmọ ọdún méje lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni òǹkà làákàyè wọn lé ní 70, èyí tó mú kí àwọn aṣojú ìjọba sọ pé wọn kò yẹ fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ béèrè pé kí wọ́n tún wọn bó ṣe ń ṣe ara rẹ̀ lójoojúmọ́: wíwẹ̀, rírìn lójú títì, ríra nǹkan, yíyan ọ̀rẹ́. Níbẹ̀ ni òǹkà ti máa ń já wálẹ̀, òun sì ni ẹ ó fi bá wọn jà.

Nínú ilé, ọjọ́ orí tó ń hù ni kí ẹ fi tọ́ ọ, kì í ṣe ti ìwé ìbí. Ẹ kò ní rán ọmọ ọdún méje lọ sọjà pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.

Ìyà kì í dùn ún ni? A ti nà án, a ti gba fóònù rẹ̀, kò yí padà.

Ìyà ń dùn ún. Ohun tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè ṣe ni pé kó so ìyà ti alẹ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ti àárọ̀, kó tún gbé e dé ọ̀la níbi tí nǹkan náà ti wọ aṣọ mìíràn. Ó gbọ́ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù Dádì. Kò gbọ́ pé ti Àǹtí wà nínú rẹ̀. Àtẹ ẹ̀bùn, níbi tí ọmọ á ti kó ìràwọ̀ méje jọ kó tó gba nǹkan, ń kùnà fún ìdí kan náà: ọ̀sẹ̀ kan ti jìnnà jù. Bí ẹ bá máa fi nǹkan du ọmọ, kó jẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó kúrú, kó sì jẹ́ ohun kan náà nígbà gbogbo. Nínà ní tirẹ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju ìbẹ̀rù yín lọ, alágbàtọ́ ní England kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lu ọmọ rárá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ariwo ti pọ̀ jù? Ebi ń pa á tí kò mọ̀? Ohun tẹ́ ẹ rò pé ó ṣe kedere, ṣé ó ṣe kedere sí i? Ohun tó yí ọmọ ká lẹ lè tún ṣe. Ọpọlọ rẹ̀ kọ́.

Kí la lè yí padà nínú ilé láti àárọ̀ ọ̀la?

Ọ̀rọ̀ ẹnu yín lẹ máa kọ́kọ́ yí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Èyí tó bá dénú ọmọ yìí ní àbọ̀, àbọ̀ ló máa wà. Bí ẹ bá ṣẹ́jú sí i níwájú àlejò, kò ní yé e. Bí ẹ bá ní “Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”, ó lè dáhùn pé rárá, kó sì máa ṣe ohun tó ń ṣe lọ.

Ẹ wo “Lọ múra.” Iṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: bọ́ aṣọ oorun, wọ pátá, wọ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ ṣòkòtò, wọ ìbọ̀sẹ̀, wọ bàtà. Ẹ ya fọ́tò ọmọ náà fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ sọ ọ̀kan: “Wọ pátá.” Ẹ dúró, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú. Tí kò bá tíì ṣe é, ẹ tún un sọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà gan-an. Tí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà, iṣẹ́ tuntun ni lójú tirẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Báàgì ní ibì kan ṣoṣo, bàtà ní ibì kan ṣoṣo. Ẹ ju ọwọ́ bọ omi ìwẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, torí pé àwọn kan nínú wọn kì í tètè mọ̀ pé omi gbóná. Ẹ gé lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ọrùn aṣọ. Ohun tó ń ha yín lára díẹ̀ lè dà bí abẹ́rẹ́ lára tirẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá sì wà tó ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ìrànwọ́, ẹ má yọ fọ́tò kúrò lára ògiri. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn: wọ́n á rí i pé ó ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á yọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ó ń parọ́, ó sì ń jí nǹkan. Ṣé ìyẹn náà wà nínú rẹ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo inú ìrántí ló ń fi ìtàn dí. Ẹ bi í pé níbo ló wà, kò rántí, ojú yín ti le, ó mú ohun tó jọ ìdáhùn. Òun fúnra rẹ̀ á gbà á gbọ́. Ẹ má béèrè ohun tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Dípò “Ta ló da mílíìkì sílẹ̀?”, ẹ ní “Mílíìkì ti dà sílẹ̀, jẹ́ ká nù ún.”

Ti olè, pé nǹkan kan jẹ́ ti ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tó ṣeé fojú rí. Ẹ fi àwọ̀ kan sí nǹkan tirẹ̀, kí ẹ ti èyí tó níye lórí mọ́lé.

Ṣé oògùn wà fún un?

Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Dókítà lè fún un ní oògùn fún àìsùn, ìbẹ̀rù tàbí àìlèjókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ kan sí òmíràn yàtọ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́, ìwọ̀n àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé ní UCH Ìbàdàn, tàbí ti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá tó wà ní Òṣòdì.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ni ọ́fíìsì wa lè sanwó fún. Ṣé ó tó?

Kò tó. Ọjọ́ kan á mú kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Kò ní mú kí wọ́n yí ọwọ́ padà. Ìmọ̀ràn wa ni ìjókòó mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì láàárín wọn. Àkọ́kọ́ wà fún ọpọlọ àti ọtí. Ìkejì wà fún inú ilé, kí alágbàtọ́ kọ̀ọ̀kan sì lọ pẹ̀lú ìyípadà kan ṣoṣo tó máa dán wò. Ìkẹta wà fún ìwé kíkọ, ilé ìwé àti kóòtù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ pè wọ́n padà, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ òótọ́ pé ìyípadà náà kò ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rí i pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é.

Eré kan tí kì í kùnà: ẹ ní kí àwọn tó wá fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ẹ pe ìtọ́ni mẹ́fà léra wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíákíá, kí rédíò máa pariwo, kí ẹnì kan sì máa rìn láàárín wọn tó ń sọ pé “O ò ṣe é dáadáa, yára.” Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà á ju bírò sílẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe rí lára wọn.

Alágbàtọ́ àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni kí wọ́n jọ jókòó. Bí alágbàtọ́ nìkan bá lọ, wẹ́fíà á padà wá bá a nílé láti sọ pé ó ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́jù.

Ìyá ọmọ tún ti lóyún, ó sì ṣì ń mutí. Kí ni ká ṣe?

Bí ó bá ń mu ún lójoojúmọ́, ẹ má sọ pé kó dáwọ́ dúró lónìí láìrí dókítà. Ọtí tí ara ti gbára lé, tí wọ́n bá já a lójijì, lè fa gìrì, ó sì lè pa ìyá àti ọmọ. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún un pé oyún kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe: ọpọlọ ọmọ ṣì ń dàgbà, ọjọ́ tó bá dáwọ́ dúró lèrè rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní CAPTA ti fi FASD kún un láti 2010, pé kí ilé ìwòsàn fi irú ìkókó bẹ́ẹ̀ tó wẹ́fíà létí, kí wọ́n sì ṣètò ìtọ́jú tó máa dáàbò bò ó. Ìfitónilétí yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn ìfìyàjẹ ọmọ, ẹ jẹ́ kí ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti gba orúkọ FASD, ẹ ní kí wọ́n yẹ àwọn àbúrò wò.

Ọlọ́pàá mú un, tàbí ó ti pé ọdún 18. Kí ló kù fún wa?

Ẹni tó ní FASD máa ń gbà sí ohun tí wọ́n bá tẹnu mọ́ fún un. Ẹ bi í ní ìgbà mẹ́ta pé “Ìwọ lo ṣe é, àbí?”, ní ìgbà kẹrin á ní òun ni. Ó lè sọ pé òun lóye ẹ̀tọ́ òun, kó má lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀kan nínú wọn. Kí ìbéèrè kankan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè fún lọ́yà àti àgbà kan tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì ní kí wọ́n bi í pé kó túmọ̀ ẹ̀tọ́ náà padà.

Ti ọdún 18, òfin ló sọ ọ́ di àgbà, ọpọlọ rẹ̀ kò tíì débẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò láti ọdún 15. Ní England, EHCP, ìyẹn ètò ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú fún ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́, lè bá a lọ títí di ọdún 25. Ní Amẹ́ríkà, bó bá ń gba SSI, owó ìrànwọ́ oṣooṣù tí ìjọba ń fún aláàbọ̀ ara tí kò ní lọ́wọ́, ẹ béèrè fún ẹni tí á máa gba owó náà lórúkọ rẹ̀, kó máa fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí owó oṣù kan lè tán ní ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó pàdé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ tẹ káàdì kékeré kan fún un, kó wà lẹ́yìn fóònù rẹ̀: orúkọ rẹ̀, pé ó ní FASD, pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún un, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè.